Ṣé ojúsàájú ni? Ìdí tí ojú kan náà fi ń padà wá nínú fíìmù Túndé Kèlání

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ Sátidé ní Òṣogbo níbí láti wo fíìmù. Ti Túndé Kèlání là ń wò lọ́wọ́, láti èyí tó pẹ́ jù bọ̀. Ó ti fẹ́ di ìjà. Ọ̀kan nínú wa ní ojúsàájú ni bàbá yẹn ń ṣe, pé àwọn àgbà kan náà ló ń kó wọlé ṣáá. Ẹnì kejì ní olùdarí ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, pé ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà síwájú Adébáyọ̀ Fálétí ti ní fíìmù nìyẹn. Èmi ò mọ èyí tí mo máa gbà. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iṣẹ́ olùdarí yàtọ̀ sí ti òṣèré? Ẹ sì jọ̀ọ́, èwo ni ká wò tẹ̀ lé èwo?”

Àbúrò, nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kejì ló sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ ibi tó gbé ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀ sí ni ò dáa. Lóòótọ́ ni pé Fálétí nìkan tó ojú kámẹ́rà í kún. Ẹni tó wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ní kó dúró síbi báyìí, tó sì fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ ẹ̀ parí láì já a lẹ́nu, olùdarí nìyẹn. Iṣẹ́ olùdarí tó ń ṣe tinú ẹ̀ kì í sábà pariwo, ó tiẹ̀ lè dà bíi pé kò sí níbẹ̀. Ti ẹni tó ní ojúsàájú ni, ó yẹ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀, nítorí ìtàn tíátà wa ló gbé èrò yẹn sí i lọ́kàn.

Láyé tíátà alárìnjò, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ni gbogbo nǹkan. Òun ló ni mọ́tò, òun ló ni aṣọ eré, òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun náà ló sì ń ṣe olórí eré. Nígbà tí sinimá dé, ètò yẹn kan náà ló bá wọnú ẹ̀. Ọlá Balógun ló darí Àjàní Ògún ní 1976 àti Ìjà Òmìnira ní 1979, Adé Love sì ni òṣèré tí gbogbo èèyàn wá wò nínú méjèèjì. Balógun náà ló darí Aiyé fún Ògúndé, òun ló sì darí Ọ̀run Móoru fún Bàbá Sàlá ní 1982. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń mú ìtàn, àwọn òṣèré àti orúkọ tó ń pe èrò wá. Olùdarí ló mọ kámẹ́rà. Ta wá ni fíìmù náà? Ìbéèrè yẹn ò tán láàárín wọn, Ògúndé fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó darí Jáíyésinmi tó tẹ̀ lé Aiyé. Gbèsè náà, ọrùn ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń bọ́ sí: nígbà tí àwọn olè da Ọ̀run Móoru kọ tí wọ́n ń tà á káàkiri, Bàbá Sàlá ló jẹ ẹ́ mọ́ra. Torí náà, ẹni tó bá fi ojú ètò yẹn wo Kèlání á rò pé ẹgbẹ́ tíẹ̀ náà ló ń kó kiri.

Kèlání ò sì ní ẹgbẹ́ alárìnjò kankan. Oníkámẹ́rà ni. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé kámẹ́rà fún àwọn ẹlòmíì lórí fíìmù ọlọ́fọ́nrán láwọn ọdún 1980, kó tó dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tó máa kó àwọn òṣèré tirẹ̀ jọ, ẹ wo ibi tí wọ́n ti wá. Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Wándé, ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ló ti wá. Lérè Pàímọ́, ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Kọ́lá Oyèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Adéjọbí, ó wá lọ sí yunifásítì Ifẹ̀, níbi tó ti ṣe Ọdẹ́wálé nínú The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ. Peter Fátómilọ́lá, Ifẹ̀ náà ni. Fálétí, akéwì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Kúnlé Bámtẹ́fà, eré tẹlifíṣọ̀n olédè Gẹ̀ẹ́sì la ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó bá kó irú àwọn wọ̀nyí sójú kan wó ọgbà tó wà láàárín ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ́ àti láàárín tíátà ìgboro àti ti yunifásítì ni. Ká pe ìyẹn ní ojúsàájú, ó dùn mí díẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi ń pè wọ́n padà? Èdè ni àkọ́kọ́. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Kòṣeégbé, Ó Le Kú, Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀. Yorùbá inú wọn jinlẹ̀, òwe wọnú òwe, orin wọnú ọ̀rọ̀, ìlù náà sì ń dá sí i. Òṣèré tí kò bá mọ ibi tí a ti ń mí nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ á sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ óò gbọ́ ọ: yóò sáré kọjá lórí òwe, yóò wá dúró níbi tí kò yẹ. Olùdarí ní ọ̀nà méjì nígbà náà, kó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú tàbí kó máa tún un yà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fálétí ò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ ìwé tí Ìjà Òmìnira ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ìtàn Mágùn tí Kèlání ṣe ní 2001 ti wá. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ní lokéṣọ̀n, olùdarí ní òṣèré, ó tún ní ẹni tó lè bi bóyá gbólóhùn kan tọ̀nà.

Àkókò ni ìkejì, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ẹ lè fojú ara yín rí i. Òṣèré tó lórúkọ lè wà lórí iṣẹ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Á dé lálẹ́, á ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la lòun ń lọ. Kí wọ́n má bàa pàdánù ẹ̀, wọ́n á ya gbogbo ibi tó ti sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin. Ẹni tó yẹ kó máa dá a lóhùn lè má tíì dé, ẹlòmíì á kàn dúró sẹ́yìn kámẹ́rà máa ka ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Ọjọ́ kejì ni wọ́n á ya ìdáhùn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ óò rí ojú kan, ẹ óò rí ojú kejì, àmọ́ ẹ ò ní rí àwọn méjèèjì nínú àwòrán kan náà rárá. Ojú wọn lè má tiẹ̀ bára wọn mu: ọ̀kan ń wo òkè, èkejì ń wo ẹ̀gbẹ́. Òṣèré tó bá gba olùdarí gbọ́ máa ń dúró. Òun àti ẹnì kejì á jọ wà nínú férémù, ẹni tí ò sọ̀rọ̀ náà á máa ṣeré. Ẹ mú ìran ìjíròrò méjì nínú fíìmù èyíkéyìí, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ẹ rí ẹni méjì pa pọ̀. Ẹ óò mọ ẹni tó ní àkókò àti ẹni tó ń sáré.

Ẹ lo Ṣaworoidẹ (1999) fún ìdánwò yìí. Ìtàn náà ò ṣòro: Lápité gorí oyè Jogbo, ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ tó so ọba mọ́ ìlú, kó lè ráyè kówó jẹ. Ẹni tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ. Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe Lápité. Òṣèré mìíràn ì bá ti máa bú ramúramù láti àkọ́kọ́ kí a lè mọ̀ pé ọba burúkú ni. Oyèwọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń jókòó. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń ṣírò iye tí olúkúlùkù wọn máa gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Fálétí wà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábà, àgbàlagbà tó ń fi orin àti òwe bú ọba lójú ọba, tí kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Kèlání kì í gé àwọn ọ̀rọ̀ Ọ̀pálábà sí wẹ́wẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn rìn dé etí àwọn tó wà láàfin, kó tó fi ojú wọn hàn wá. Ibi tí ọwọ́ olùdarí wà gan-an nìyẹn. Fálétí ló ni ohùn, àmọ́ Kèlání ló pinnu pé ẹni tí wọ́n ń bú la máa wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Lágàta, sójà tó fipá gba ìtẹ́, dé adé tí ìlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ tún wo ohun tí kámẹ́rà ń wò: ìlù náà di ẹni tó ń sọ̀rọ̀, Bámtẹ́fà tó ṣe Lágàta wá ń fi orí àti ọrùn nìkan dá a lóhùn.

Ọ̀nà tó dáa láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré nínú fíìmù kan, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bẹ́ ẹ ṣe máa ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa ohùn rẹ̀. Láìsí ọ̀rọ̀, ẹ óò rí ibi tí wọ́n to àwọn èèyàn sí, ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nílẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ yí ojú kúrò, àti ìgbà tí àwòrán yí padà. Púpọ̀ nínú ìyẹn jẹ́ ti olùdarí àti ẹni tó gé fíìmù náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ. Ohùn, èémí, ibi tó dúró sí kó tó sọ orúkọ ẹnì kan, òṣèré ló ni ìwọ̀nyí jù. Ẹ má ṣe gbogbo fíìmù bẹ́ẹ̀ o, ìdùnnú yín á lọ. Ìran kan fún fíìmù kan ti tó.

Èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ ni kẹ́ ẹ wo òṣèré kan náà lọ́wọ́ olùdarí méjì. Bámtẹ́fà yẹn náà ni Chief Fuji inú eré tẹlifíṣọ̀n Fuji House of Commotion ti Amaka Igwe, baálé oníyàwó púpọ̀ tí ẹ̀rín ò jẹ́ kéèyàn wò ó tán. Ara kan náà, ohùn kan náà. Ní ilé Chief Fuji, ara yẹn ń jó, ó ń yí, ọwọ́ ò dúró. Nínú Ṣaworoidẹ wọ́n fi aṣọ ológun dè é mọ́lẹ̀, ìwúwo tó ń pa wá lẹ́rìn-ín wá di ohun tó ń dẹ́rù bani. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Fúnkẹ́ Akíndélé. Nígbà tí yóò fi di 2011 tí Máàmi jáde, Jẹ́nífà tó ti ṣe ló wà lọ́kàn gbogbo èèyàn, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kèlání fi í ṣe ìyá tálákà kan tó ń dá tọ́mọ, nínú ìtàn tí Fẹ́mi Òṣọ́fisan kọ, ó sì gba ariwo yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wo bí ìyá yẹn ṣe ń wo ọmọ nígbà tí kò sí ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó bá mọ Jẹ́nífà nìkan á rí i pé òṣèré náà ní àpò mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́wọ́ bọ̀.

Ó yẹ kí n tú ohun kan tó máa ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Wọ́n á ní àwọn àgbà yìí ń pariwo jù, pé eré orí ìtàgé ni wọ́n ń ṣe. Nígbà mìíràn òótọ́ ni: ẹni tó ti fi ogún ọdún sọ̀rọ̀ kí ará ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lè gbọ́ ò ní tètè gbàgbé. Àmọ́ ẹ rántí ohun èlò. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù fídíò ìgbà yẹn, makirofóònù ara kámẹ́rà ni wọ́n gbára lé. Tí kámẹ́rà bá sún sẹ́yìn kí ó lè rí ààfin àti èrò, makirofóònù sún sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Òṣèré tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn ẹ̀ á sọnù, àtìgbà yẹn sì ni wọ́n ti ń kọ́ra láti gbé e sókè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Tí ohùn bá ga ní gbangba ìta tó sì rọlẹ̀ nínú yàrá, ohun èlò ló fà á. Tó bá ga níbi gbogbo, àní níbi tí ọkọ àti ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹní, ẹ̀bi olùdarí ni, kò bá òṣèré sọ ọ́.

Nípa dídá dúró náà, ẹ má jẹ́ ká fi ṣe ìtàn àròsọ. Àwọn mákẹ́tà fíìmù ní Ìdúmọ̀tà, l'Ékòó, ló ń náwó sí ọ̀pọ̀ fíìmù lásìkò kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni ojú tó ń tà àti ìtàn tó lè di apá kejì. Kèlání dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa yan òṣèré fún un. Síbẹ̀, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1993 ní apá mẹ́ta, bí ọjà ṣe ń fẹ́ ẹ. Jádé Òṣíbẹ̀rù ló sì ṣe olùgbéejáde Àyìnlá (2021). Olùdarí lè gba owó ẹlòmíì kó ṣì máa ṣe tinú ẹ̀. Ẹni tó ń yan òṣèré àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ìwé eré ni kẹ́ ẹ béèrè. Ní Amẹ́ríkà, John Cassavetes máa ń ṣeré nínú fíìmù àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kó lè fowó ẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ilé ẹ̀ ló ti ya púpọ̀ nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ Gena Rowlands ló ń ṣe olórí eré, àwọn ọ̀rẹ́ bíi Peter Falk àti Ben Gazzara sì ń padà wá. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ojúsàájú níbẹ̀, àṣà iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ìdí kan náà ni: ẹni tí kò lówó tó pọ̀ máa ń fi àwọn tó mọ̀ ọ́n dí àlàfo owó.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ ojúsàájú ò jẹ̀bi tán o. Tí ojú kan bá ń padà wá jù, òǹwòran á ti mọ ẹni ibi kí ìtàn tó sọ ọ́. Fátómilọ́lá ti ṣe àgbà awo débi pé tó bá wọlé lásán, a ti ń retí Ifá. Ìṣòro kejì ni pé ìmọ̀ èdè àwọn àgbà yìí máa ń fa Kèlání sínú ìwàásù. Àwọn ibì kan wà, nínú Agogo Èèwọ̀ pàápàá, tí àwọn ènìyàn inú ìtàn dákẹ́ lójijì tí wọ́n wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìlú. Ohùn tó dùn bo àìsí eré mọ́lẹ̀ níbẹ̀, òṣèré tó kéré sí wọn kò ní lè gbà á là. Ẹ sì má retí pé gbogbo ìgbà lẹ óò lè dá ọwọ́ olùdarí mọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kan tó wú yín lórí lè jẹ́ àbá òṣèré, ó lè jẹ́ ti ẹni tó gé fíìmù, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló sọnù lẹ́nu òṣèré tí wọ́n sì fẹ́ràn bó ṣe rí. Fíìmù kan ṣoṣo ò lè sọ ọ́. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé nínú fíìmù mẹ́ta sí mẹ́rin pẹ̀lú òṣèré tó yàtọ̀ síra, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́rùn olùdarí.

Ti ètò Sátidé yín: ẹ má tẹ̀ lé ọdún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣaworoidẹ, òun ló ní gbogbo ohun tí mo ń sọ. Lẹ́yìn náà, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, nítorí Bàbá Wándé. Ẹni mẹ́ta ta ilẹ̀ àjogúnbá fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo, ikú wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, ìbẹ̀rù Àṣíyanbí tó ṣẹ́kù, tí Bàbá Wándé ṣe, ló gbé gbogbo ìtàn náà. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀rín àti ẹ̀rù wà lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tíátà alárìnjò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bọ́ sí Ó Le Kú (1997) kẹ́ ẹ lè rí i pé kì í ṣe àgbà nìkan ló ń lò: Yẹmí Ṣódìímú ló ṣe Àjàní níbẹ̀, ìró àti bùbá inú ẹ̀ sì di ohun tí gbogbo obìnrin ń rán. Àrùgbá (2008) ló kàn, ẹ̀yin ará Òṣogbo lẹ sì máa gbádùn ẹ̀ jù. Níbẹ̀ ló ti kó oníjó wọlé dípò ọ̀jọ̀gbọ́n tíátà: Ṣẹ́gun Adéfilá tó ni ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe, Peter Badéjọ tó jẹ́ àgbà oníjó, àti Bùkọ́lá Awóyẹmí tí ojú rẹ̀ ṣì ṣàjèjì sí òǹwòran nígbà náà. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé ojú kan náà ni, ẹ fi fíìmù yẹn dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ fi Máàmi àti Àyìnlá parí ẹ̀. Nínú Àyìnlá, ẹ óò rí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love. Ṣaworoidẹ ló ti kọ́kọ́ ṣeré lọ́dọ̀ Kèlání, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n. Kó tó padà wá sínú Àyìnlá, òun náà ti di olùdarí tó ń dá ṣe tirẹ̀, ó sì ti pe Sadiq Daba, tí àwọn àgbà mọ̀ nínú eré NTA, padà wá síwájú kámẹ́rà fún October 1 ní 2014. Ẹ wo bó ṣe ń tẹ́tí sí Lateef Adédiméjì tó ṣe Àyìnlá, olórin àpàlà náà. Olùdarí tó bá ń ṣeré kì í sábà jà fún férémù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kásẹ́ẹ̀tì VHS tó ti gbó ni wọ́n ti dà wọ́n kọ. Àwọ̀ ti ṣá, àwọn míì ti fa àwòrán náà fẹ̀ kó lè kún tẹlifíṣọ̀n òde òní, orí òṣèré wá fẹ̀ bí àwo. Àwọn míì gé òkè àti ìsàlẹ̀ kúrò, ọwọ́ onílù bá ibẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti lè yí ìwọ̀n àwòrán padà lórí tẹlifíṣọ̀n yín, kẹ́ ẹ gbé e sí 4:3 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí àwọ̀ ò bá ṣe é tún ṣe, ẹ má tíì jà lórí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ títí ẹ óò fi rí ẹ̀dà tó mọ́. Ti ohùn àti ìdúró òṣèré, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ Sátidé tó ń bọ̀.